Ìdánwò tó yẹ kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ṣe

Òbí tó bá wà ní Kúta, lẹ́bàá Ìwó, lè máa béèrè ohun tó mú ọ̀gá àgbà àjọ JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, sunkún ní gbangba lóṣù karùn-ún, ọdún 2025. Wọ́n ṣe àtúnṣe sí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, àtúnṣe náà kò sì dé orí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìhà Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Ìbùdó Ọ̀ṣun kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kàn wá.

Kí ètò kọ̀ǹpútà tó jáde, ó yẹ kí òun náà ṣe ìdánwò. Irinṣẹ́ bíi JUnit, tí Kent Beck àti Erich Gamma ṣe lọ́dún 1997, wà fún un. Nǹkan mẹ́ta ló ṣe pàtàkì níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni pípín in sí ọ̀wọ́. Èyí tó yá, tó ń yẹ ohun kan ṣoṣo wò, bí ìṣirò máàkì, yóò wà lọ́tọ̀. Èyí tó ń falẹ̀, tó ń yẹ ẹ̀rọ gan-an wò, yóò wà lọ́tọ̀.

Ìkejì ni àsìkò. Wọn yóò ṣe èyí tó yá nígbàkígbà tí ẹnìkan bá fọwọ́ kan ètò náà. Wọn yóò sì ṣe èyí tó ń falẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀rọ, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kan kì í yege fún èkejì.

Ìkẹta ni àbọ̀. Kí wọ́n dárúkọ èyí tó yege, èyí tó kùnà, àti èyí tí wọn kò ṣe rárá. Bí wọ́n bá ka èyí tí wọn kò ṣe mọ́ èyí tó yege, irọ́ ni àbọ̀ náà.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Kí àṣìṣe ẹ̀rọ tó hàn, àwọn ọmọ náà ló jọ pé wọ́n kùnà.