Bí A Ṣe Ń Sọ “Ẹ Wọlé” Ní Èdè Sípáníìṣì

Bí ọdún Ọ̀ṣun bá ti dé ní oṣù kẹjọ, àwọn olùfọkànsìn láti Kúbà àti ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípáníìṣì máa ń bá wa péjọ sí Òṣogbo. Ará Òkè Baálẹ̀ tó fẹ́ ṣe wọ́n lálejò dáadáa, yálà awakọ̀ ni o, aládìrẹ ni o, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gbólóhùn àṣẹ ló máa kọ́kọ́ wúlò fún un: wọlé, dúró, mu omi, wọ ọkọ̀.

Àwọn náà ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nínú ọ̀rọ̀ bíi tiwa. Àmọ́ iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni “ẹ” tiwa máa ń wà. Ìparí ọ̀rọ̀ ni tiwọn wà. Ẹni tó bá ṣi fáwẹ̀lì ìparí pè lè bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

Nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ọ̀rọ̀-ìṣe wọn máa ń parí sí -ar, -er tàbí -ir. Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta: entrar (wọlé), beber (mu) àti subir (gòkè, wọ ọkọ̀).

Fún ọ̀rẹ́ tàbí ọmọdé kan: ẹ yọ r kúrò. Entra, bebe. Tó bá jẹ́ -ir, ẹ sọ i di e: sube.

Fún àgbà kan tàbí ẹni tí ẹ kò mọ̀: ẹ pààrọ̀ fáwẹ̀lì. Tí -ar bá ni, e ló máa parí rẹ̀: entre. Tí -er tàbí -ir bá ni, a ni: beba, suba.

Fún èèyàn púpọ̀: ẹ fi n kún ti àgbà. Entren, beban, suban. Ní Kúbà, tọmọdé tàgbà ni èyí wà fún. Àwọn ará Sípéènì ló ń fi d rọ́pò r fún ọ̀rẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ: entrad, bebed, subid.

Ibi tó yẹ ká ti ṣọ́ra nìyí. “Ẹ wọlé” kan náà la ń sọ fún bàbá kan àti fún èrò ọkọ̀ kan. Ní tiwọn, entre ni ti bàbá, entren ni ti èrò ọkọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ sọ pé “dúró dè mí”, ẹ so me mọ́ ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe esperar: espérame fún ọ̀rẹ́, espéreme fún àgbà, espérenme fún púpọ̀. Àmì orí é yẹn kì í ṣe ohùn òkè. Ó ń sọ ibi tí a ó ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, kí me tí a so mọ́ ọn má baà ṣí i nípò.

Ìlànà yìí kò ká gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe. “Wá”, bí àpẹẹrẹ, jẹ́ ven fún ọ̀rẹ́ àti venga fún àgbà. Ńṣe la máa há irú wọn sórí. Bí ẹni tó wà níwájú yín kò bá sì yé yín, ti àgbà ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi por favor, ìyẹn “ẹ jọ̀ọ́”, tì í: Entre, por favor.