Èéfín, óìlì àti nọ́ọ̀kì: ìlò ọ̀rọ̀ nínú àyẹ̀wò ògbólógbòó ọkọ̀ dísù

“Èéfín” jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá tètè máa ń bá pàdé, yálà nínú ọ̀rọ̀ nípa iná àrò tàbí nínú òwe tó sọ pé èéfín ni ìwà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń bá a rìn ni “rú”: èéfín ń rú, ọkọ̀ náà ń rú èéfín. “Tú” náà tọ̀nà bí èéfín bá ń fi agbára jáde láti ẹnu sàlẹ́ńsà. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ tó bá mú “fà” tàbí “mu” ti ki sìgá bọ ọkọ̀ lẹ́nu.

Ìṣòro kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ bí kò ṣe nínú àwọ̀ tí a bá fi kún un. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísù, àwọ̀ èéfín ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì máa ń wò, ariwo sì ni ìkejì. Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé àtúnṣe ọkọ̀, tàbí tó ń kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fídíò, lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ nọ́sù tí a lè pààrọ̀ di ẹ́ńjìnnì tí a gbọ́dọ̀ rà. Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò níhìn-ín ni Mercedes-Benz 240D ti ìran W123, tí wọ́n ṣe ní Jámánì láàárín 1976 sí 1985. Sílíńdà mẹ́rin ni ó ní, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ojú, etí àti imú ni irinṣẹ́ àyẹ̀wò rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọkọ̀ akẹ́rù àti jẹnẹrétọ̀ ńlá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ dísù ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún gbogbo wọn.

“Dísù” jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ènìyàn: Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní Paris ní 1858, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yege ní Augsburg ní 1897. Ohun tó ya ẹ́ńjìnnì yìí sọ́tọ̀ ni pé kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Písítìn a fún afẹ́fẹ́ pọ̀, nínú 240D a sọ ìwọ̀n 21 di ìwọ̀n 1, títí afẹ́fẹ́ náà yóò fi gbóná débi pé epo tí nọ́sù bá fọ́n sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba, “gasoil” ni wọ́n ń pe dísù ní ilé epo, “essence” sì ni bẹntiróòlù. Ògbufọ̀ tó bá gbọ́ “gasoil” lẹ́nu ará Kétu kò gbọdọ̀ sáré lọ sí gáàsì ìdáná, tàbí sí “gas” ti àwọn ará Amẹ́ríkà, tó jẹ́ bẹntiróòlù. Dísù fúnra rẹ̀ ló ń mú kí irin inú pọ́ńpù máa yọ̀ lára ara wọn. Bẹntiróòlù kò ní irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, ó sì lè ba pọ́ńpù náà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó tún gbọ́dọ̀ yé wa kí a tó dé orí àwọ̀ ni “epo”. Nínú ìkòkò ọbẹ̀, epo pupa ni. Ní ilé epo, bẹntiróòlù tàbí dísù ni. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá wá sọ pé ẹ́ńjìnnì kan “is burning oil”, tí ògbufọ̀ kọ ọ́ pé “ẹ́ńjìnnì náà ń jó epo”, kò tíì sọ nǹkan kan. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí kì í jó epo. Iṣẹ́ tí a rà á fún nìyẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni pé óìlì, èyí tí a ń dà sínú ẹ́ńjìnnì kí irin má baà máa ha irin, ti ń wọ ibi tí iná wà. Lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì, ọkọ̀ náà “ń mu óìlì”. Àwọn òǹkọ̀wé kan fẹ́ràn “òróró ẹ̀rọ”, ó sì dùn ún kà, ṣùgbọ́n nínú ìlànà tí ẹnì kan yóò tẹ̀ lé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, “óìlì” ni mo fara mọ́. “Mu epo” ní tirẹ̀ túmọ̀ sí pé ọkọ̀ náà ń ná ni lówó ní ilé epo. Ẹ̀sùn mìíràn gbáà ni.

Èéfín dúdú ló rọrùn jù láti túmọ̀ àti láti yẹ̀ wò. Epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, kò jóná tán, ìyókù sì jáde bí èédú lílọ̀. Fílítà afẹ́fẹ́ lè ti dí. Wọ́n lè ti ṣí epo pọ́ńpù jù. Nọ́sù sì lè máa kán epo dípò kí ó fọ́n ọn. Ẹ ṣàkíyèsí “fọ́n” àti “kán”: nọ́sù tó yè a fọ́n epo bí ìrì, èyí tó ti bàjẹ́ a máa kán bí òrùlé tó ń jò. Bí ògbólógbòó ọkọ̀ dísù bá rú èéfín dúdú díẹ̀ nígbà tó ń gun òkè, kì í ṣe àìsàn.

Èéfín kejì ló ń da ògbufọ̀ láàmú. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní “blue smoke”. Orúkọ àwọ̀ mẹ́ta ni ìpìlẹ̀ ní èdè Yorùbá: dúdú, funfun àti pupa. Aṣọ tó bá wọ ìkòkò aró léraléra, dúdú ni ọ̀pọ̀ àgbà yóò pè é. Bí a bá tìtorí èyí kọ “èéfín dúdú”, a ti rán òǹkàwé lọ ra fílítà afẹ́fẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ríìnì písítìn ló ti jẹ. “Èéfín aláró” kò ràn wá lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ náà, nítorí aró ṣú, ó sì jìn, bẹ́ẹ̀ èéfín óìlì fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fara pẹ́ eérú. Ọ̀rọ̀ tí a ní fún búlúù tó mọ́ ni “àyìnrín”, èmi sì gbà pé òun ló bá èéfín yìí mu jù lọ. Nítorí pé kì í ṣe gbogbo ọ̀dọ́ ló mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ lè kọ “èéfín búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn èéfín àyìnrín” ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa lo àyìnrín lẹ́yìn náà.

Èéfín àyìnrín ni àmì pé ẹ́ńjìnnì ń mu óìlì. Àkókò tó ń rú náà jẹ́ ẹ̀rí. Bí ó bá rú fúú nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ tó ti sùn mọ́jú, tó sì dáwọ́ dúró, ìdí fáàfù ni a ó kọ́kọ́ fura sí, torí óìlì ti ń gba ibẹ̀ kán wọlé láti òru. Bí kò bá dáwọ́ dúró, tó tún ń pọ̀ sí i bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ agbára, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ríìnì. Àwọn tó mọ W123 dáadáa máa ń ṣí ìdérí ibi tí a ń da óìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, wọ́n á dojú rẹ̀ dé, wọ́n á sì gbé e lé ojú ihò náà. Bí ó bá kàn ń gbọ̀n díẹ̀, kò burú. Bí ó bá fò kúrò, afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ó wà lórí písítìn ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìnì sá wá sísàlẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé “jẹ” nínú “ríìnì ti jẹ” kò béèrè àbọ̀. Ó túmọ̀ sí pé nǹkan náà ti fẹ́lẹ́ nítorí ìlò, bí a ti ń sọ ọ́ fún ìdí bàtà.

Ohun méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “white smoke”, ọ̀kan nínú wọn kì í sì í ṣe èéfín rárá. Èkíní ni dísù tí kò gbiná: ó gbóná di ìkùukùu, ó sì gba sàlẹ́ńsà jáde láìjóná. Ó máa ń ta ojú, òórùn dísù a sì wà lára rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ẹ yẹ hítà púlọ́ọ̀gì wò, ìyẹn ọ̀pá kékeré tí iná bátìrì ń mú pọ́n kí ẹ́ńjìnnì tó tutù lè gbiná. Bí ó bá ṣì ń rú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti móoru, ó lè jẹ́ pé ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ ti dínkù, tàbí pé pọ́ńpù ń fọ́n epo pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Èkejì ni ooru omi: tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ti jó tàbí orí ẹ́ńjìnnì ti sán, omi rẹdiétọ̀ sì ń wọ sílíńdà. Ooru omi a tètè pòórá nínú afẹ́fẹ́, èéfín a máa rábàbà. Omi rẹdiétọ̀ a máa dínkù láìsí ibi tó ń kán sí, óìlì sì lè dà bí tíì tí a bu mílíìkì sí. Nítorí náà, “èéfín funfun” ni kí a kọ fún èkíní, kí a sì kọ “ooru omi” fún èkejì, àfi bí ìwé tí à ń túmọ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ láìyà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá rò pé dísù ló ń rú, tó sì ń bá a lọ láti wa ọkọ̀ tí omi ń wọ sílíńdà rẹ̀, lè tẹ ọ̀pá písítìn.

Nípa ariwo, ọ̀rọ̀ tó léwu jù ni “nọ́ọ̀kì”. Inú Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá, ṣùgbọ́n ó ti kúrò nílé baba rẹ̀. “Knock” nínú Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìró, “diesel knock” sì jẹ́ ìró tí ẹ́ńjìnnì dísù àtijọ́ máa ń pa, pàápàá nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù: epo a dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí nọ́sù ti fọ́n ọn, èyí tó ti kó jọ a gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sílíńdà a sì dún. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti móoru, ìró náà a rọlẹ̀. Lẹ́nu Yorùbá, “ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì” kì í ṣe ìró mọ́, ìròyìn ikú ni. Ó túmọ̀ sí pé béárìn ti jẹ tàbí pé kíránkì ti há, pé a ó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tàbí kí a wá òmíràn rà. Kódà “ó fẹ́ẹ́ nọ́ọ̀kì” tó láti mú kí ẹlòmíràn ta ọkọ̀ rẹ̀. Fún “diesel knock”, ẹ kọ “ìró dísù”, tàbí kí ẹ sọ bí ó ṣe ń dún; kí ẹ fi “nọ́ọ̀kì” sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì tó ti kú ní tòótọ́.

Sísọ bí nǹkan ṣe ń dún ni èdè wa ti lówó lọ́wọ́. Ohùn lórí ọ̀rọ̀ tó ń ṣàfarawé ìró tàbí ìrísí máa ń ní ìtumọ̀: “róbótó” jẹ́ ohun kékeré, “ròbòtò” jẹ́ ńlá. A lè lo àǹfààní yìí. Ìró fáàfù tí àyè rẹ̀ ti fẹ̀ jù kéré, ó yá, òkè ẹ́ńjìnnì ló sì ti ń wá: kẹ́kẹ́kẹ́. Ìró nọ́sù tó ti bàjẹ́ le bí òòlù lórí irin: kọ́kọ́kọ́. Ti béárìn wúwo, ìsàlẹ̀ ló ti ń wá: gbì, gbì, gbì. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tó bá fi “gbì” sọ ìró fáàfù ti ṣi etí òǹkàwé lọ́nà, nígbà tó jẹ́ pé sípánà ni a fi ń tún àyè fáàfù 240D ṣe.

Láti mọ sílíńdà tí ariwo ti ń wá, mẹkáníìkì a tú nọ́ọ̀tì páìpù epo tó lọ sí nọ́sù kọ̀ọ̀kan díẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Sílíńdà tí epo kò dé mọ́ kò ní ṣiṣẹ́. Bí ariwo náà bá dáwọ́ dúró tàbí tó yí padà, ibẹ̀ ló wà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á gbé nọ́sù ibẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀. Bí ariwo bá tẹ̀ lé nọ́sù, nọ́sù ló bàjẹ́. Bí kò bá kúrò níbi tó wà, inú sílíńdà tàbí béárìn ni kí a wò. Àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń wá àṣìṣe lọ́nà kan náà. Ẹ kọ ìkìlọ̀ náà ní gbangba: ọkọ̀ àtijọ́ nìkan ni a lè ṣe èyí sí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé ọwọ́ síbi tí epo ti ń jáde, torí agbára rẹ̀ lè gún awọ ara wọlé. Géèjì óìlì wà nínú W123 pẹ̀lú, láti 0 dé 3. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, orí 3 ni ó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Bí ó bá ń wálẹ̀ tí “gbì, gbì” sì ń dún, ọ̀rọ̀ ti di ti béárìn.

Ó ku “pa” àti “kú”. “Pa ẹ́ńjìnnì” ni pé kí a dá a dúró. “Ẹ́ńjìnnì kú” ni pé ó dá ara rẹ̀ dúró láìròtẹ́lẹ̀, ó sì lè tún tan. Ẹ́ńjìnnì dísù tó ń mu óìlì gan-an lè ṣe ìdàkejì: ó lè máa fi óìlì ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ kódà lẹ́yìn tí a ti yí kọ́kọ́rọ́, kí ó máa sáré sí i. “Ẹ́ńjìnnì ti sá lọ” ni mo máa ń fi túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi àlàyé tì í, kí òǹkàwé má baà rò pé ọkọ̀ náà ló gbéra. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti ní kí a gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kọ “ẹ fi pákó dí ẹnu ibi tó ti ń mí”, kí ẹ sì fi kún un pé a kò gbọdọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ dí i.