Ẹ́ńjìnnì Olómi-lára lórí Ojú Irin Tóóró, àti Ọ̀rọ̀ Àwọn Òkè Àkókó

Ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu jù lọ, bí ènìyàn bá béèrè ohun tí kò jẹ́ kí rélùwéè dé Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ni pé òkè ni. Ìdáhùn náà bá ohun tí ojú ń rí mu. Àpáta ló yí Ìkàrẹ́ ká. Ọ̀kà sì jẹ́ ìlú tí apá kan rẹ̀ ṣì wà lórí òkè títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí kọ́ ló máa ń jẹ́ ìdí ọ̀ràn nígbà gbogbo. Àlàyé tó tẹ̀lé e yìí dá lórí irú ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó bá ilẹ̀ olókè mu, àti lórí àwọn ibi tí ojú irin tóóró ti ṣiṣẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí ìwọ̀n ẹ̀bi tó tọ́ sí òkè nínú ọ̀rọ̀ Àkókó lè hàn.

Iná èédú tàbí ti igi ni ó ń mú omi hó nínú bọ́ílà ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Ooru omi tó ti há sínú bọ́ílà a wọ inú sílíńdà, a ti pístìnì síwá sẹ́yìn, pístìnì a sì yí kẹ̀kẹ́. Àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń fa ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn ní kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn wọn, níbi tí omi àti èédú wọn wà. Ẹ́ńjìnnì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò ní irú rẹ̀. Ara rẹ̀ ni ó fi ń ru omi: àgbá omi wà ní ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà tàbí lórí rẹ̀, èédú sì wà nínú àpótí lẹ́yìn ibi tí awakọ̀ dúró sí. Ìdí nìyí tí a fi pè é ní olómi-lára níhìn-ín. Ìwúwo omi yẹn, tí ì bá jẹ́ ẹrù lásán lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì mìíràn, ló ń tẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ irin kí ó má baà yọ̀ nígbà tó bá ń gun òkè. Kíkúrú rẹ̀ jẹ́ kí ó lè ya kọ́nà tó há. Ó sì lè fi ẹ̀yìn rìn bí ó ti ń fi iwájú rìn, nítorí náà kò sí pé wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò ti yí i padà. Àléébù rẹ̀ ni pé omi rẹ̀ kì í pẹ́ tán, bí omi bá sì ti ń tán ni ìwúwo tó ń tẹ kẹ̀kẹ́ náà ń dín kù. Iṣẹ́ tí kò jìnnà sílé ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ojú irin tóóró ni irú ẹ́ńjìnnì yìí ti rí àyè jù. Ojú irin Nàìjíríà láti ìgbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6, ìyẹn mìlímítà 1067. Ní àwọn òkè Alps ní Ọ́síríà, mìlímítà 760 ni wọ́n yàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀nà kéékèèké. Fún ọ̀nà Murtal, tí wọ́n ṣí ní 1894, ni ilé iṣẹ́ Krauss ní ìlú Linz kọ́kọ́ ṣe ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní U: kẹ̀kẹ́ mẹ́fà tó ń wọ́ ọkọ̀, méjì kéékèèké lẹ́yìn, omi lára. Irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà Zillertal pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ṣí ní ìpele-ìpele láàárín 1900 sí 1902 láti Jenbach dé Mayrhofen. Ó yẹ kí a fiyè sí i pé ọ̀nà Zillertal kì í gun orí òkè. Àfonífojì ló ń tọ̀, ó ń rìn ní ẹsẹ̀ òkè. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lè yà níbi tí ojú irin tó fẹ̀ yóò ti ní láti la àpáta tàbí kí ó gbẹ́ ihò gba abẹ́ rẹ̀, owó gọbọi sì ni ìyẹn.

Ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íǹṣì 6 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò fún irú ọ̀nà yìí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, tí í ṣe mìlímítà 762. Mìlímítà 2 péré ló fi yàtọ̀ sí ti Ọ́síríà. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Wales, lórí ojú irin Welshpool and Llanfair. Àwọn ọkọ̀ èrò láti Zillertal dé ibẹ̀ ní 1968. Ní 1975, ẹ́ńjìnnì olómi-lára kan tí Hunslet ti ìlú Leeds ṣe ní 1954 dé ibẹ̀ láti Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn Sàró ti wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta. Ohun tó rìn ní Alps àti ohun tó rìn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ bá ara wọn lórí irin kan náà.

Fún òkè tí kò ṣeé yípo, ìwúwo nìkan kò tó, nítorí irin dán, kẹ̀kẹ́ náà sì dán. Ní Brienz, ní Switzerland, wọ́n ṣí ọ̀nà kan ní 1892 tó gòkè mítà 1,678 láàárín kìlómítà 7.6 péré. Irin eléyín wà láàárín ojú irin méjèèjì, kẹ̀kẹ́ eléyín tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì a sì máa gé e mú bí ó ti ń yí. Wọ́n dà bọ́ílà rẹ̀ síwájú kí omi lè tẹ́jú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dagun. Ìhà ìsàlẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì máa ń wà, tó ń ti ọkọ̀ èrò gòkè, tó sì ń dì í mú nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀. Sísọ̀kalẹ̀ ni iṣẹ́ gidi. Awakọ̀ a pa ooru omi, àwọn pístìnì a wá di ohun tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sílíńdà, omi díẹ̀ a sì máa wọlé láti mú un tutù. Afẹ́fẹ́ tí kò fẹ́ fúnpọ̀ yìí ló ń fa ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, kí bíréèkì má baà gbóná jù.

Ẹni tó mọ ọ̀nà Àkùngbá kò ní ka èyí sí àlàyé tí kò kàn án. Bíréèkì tó ń ha kẹ̀kẹ́ ni gbẹ̀yìn ohun tí lọ́rì elẹ́rù ní lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí ó bá sì gbóná, agbára rẹ̀ a dín kù. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2021, lọ́rì sìmẹ́ńtì kan kọjá agbára awakọ̀ rẹ̀ ní Àkùngbá, nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin, ó sì pa ènìyàn. Òkè tí wọ́n ní kò gba rélùwéè láàyè kò dá lọ́rì dúró. Ohun tí lọ́rì ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ẹsẹ̀ òkè náà ni kò sí nínú ìdáhùn tó yá lẹ́nu.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀nà tó jọ ti Alps jù ni èyí tó gbéra láti Freetown gòkè lọ sí Hill Station ní 1904. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba aláwọ̀ funfun ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè sùn lórí òkè níbi tí ẹ̀fọn ibà kò ti pọ̀. Ó kógbá wọlé ní 1929. Èkó kò ní òkè, síbẹ̀ ó ní ojú irin tóóró tirẹ̀ láti 1902 dé 1933, láti Ìddó gba orí afárá Carter wọ erékùṣù. Èrò ni ó kọ́kọ́ ń kó. Lẹ́yìn náà ó di ọkọ̀ tó ń bá àwọn agbépòó kó ẹrù wọn. (Àwọn òpìtàn kì í sábà pẹ́ lórí apá kejì yìí, bẹ́ẹ̀ òun ni ó gbẹ̀yìn.) Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ Àkókó ni ti Bauchi. Láti Sáríà ni wọ́n ti la ojú irin tóóró, tó gun pẹ̀tẹ́lẹ̀ orí òkè Jọ́ọ̀sì, tó sì dé Bukuru ní 1914. Tánńganran ni wọ́n ń wá. Ọ̀nà náà ṣiṣẹ́ di 1957, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú irin tó fẹ̀ ti gba Kafanchan dé Jọ́ọ̀sì ṣáájú ìgbà náà.

Nígbà tí a bá gbé Àkókó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, òkè kò tó ìdí mọ́. Odò Ọya àti ilẹ̀ Hausa ni ojú irin Èkó dojú kọ: ó dé Ìbàdàn ní 1901, Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bà ní 1909. Èédú Enugu ni ó fa ti Port Harcourt, èyí tó dé ibẹ̀ ní 1916. Àkókó bọ́ sí àárín méjèèjì. Kòkó àti ekuro rẹ̀ wá láti oko kéékèèké tó fọ́nká, ní àsìkò àsìkò. Lọ́rì lè lọ bá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní abúlé rẹ̀. Tánńganran wúwo, ojú kan ló sì wà. Ẹni tó ń wá ojúlówó ìdí yóò rí i nínú ẹrù ju inú òkè lọ.

Ojú irin tó súnmọ́ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà jù lónìí ni ti Ìtàkpè sí Warri, tó fẹ̀ tó mìlímítà 1435, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1987, tí wọ́n sì ṣí ní gbangba ní 2020. Irin tútù ni ó fà á dé Ìtàkpè, inú òkè ni wọ́n sì ti ń wà á.