Ta Ni Yóò Sáré Lọ Pàdé Ìyá Ọmọ?

Ẹ ka: 2 Ọba 4:8-37

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn obìnrin ará Ṣúnémù. Inú oko ni orí ti fọ́ ọmọ rẹ̀, wọ́n gbé e wálé, orí itan ìyá rẹ̀ ni ó sì kú sí. Ìyá kò jókòó sunkún. Ó di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní gàárì, ó forí lé òkè Kámẹ́lì. Bí Èlíṣà ti rí i lókèèrè, ó rán Géhásì pé kí ó sáré lọ pàdé rẹ̀, kí ó béèrè àlàáfíà ọmọ. Géhásì gbọ́dọ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà dé, tí ó di ẹsẹ̀ wòlíì mú, Géhásì kan náà ni ó fẹ́ tì í sẹ́yìn. Wọ́n tún fún un ní ọ̀pá pé kí ó máa lọ ṣáájú. Ó lọ, ó fi ọ̀pá lé ọmọ lójú, ọmọ kò mira.

Èmi tí mo ń kọ èyí ti ṣe Géhásì rí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan tí ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìjọ wa gbé ọmọkùnrin rẹ̀ tí gìrì mú wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Ìṣọ́ òru ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Mo gbàdúrà fún ọmọ náà, mo fún ìyá ní owó ọkọ̀, mo ní kí ó máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní kí ó mú owó àsansílẹ̀ wá kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ. Kí ó tó lọ jí alájọ rẹ̀ lóru kí ó sì padà dé, ọmọ ti lọ.

Láàárín oṣù yẹn kan náà, ibà gbé ọmọ ọ̀kan nínú àwọn díákónì wa dé ilé ìwòsàn yẹn kan náà. Ilé-iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ti san owó adójútòfò ìlera fún ìdílé náà, ẹnikẹ́ni kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ kẹta ni ọmọ padà wálé. A dúpẹ́ ní ilé Ọlọ́run, èmi ni mo sì gba àdúrà ọpẹ́ náà. Obìnrin oníbọ̀ọ̀lì wà níta ọgbà, ó ń fẹ́ná.

Ìdí nìyí tí mo fi ní èmi náà yóò sá, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wá sọ fún mi pé àwọn fẹ́ sá eré ìje láti fi kó owó jọ fún ìtọ́jú àwọn ọmọdé. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí, nítorí àtẹ̀gùn ilé wa nìkan tó láti jẹ́ kí n máa mí hẹlẹ. Bí wọ́n ti ń ṣe é kò le: olúkúlùkù yóò wá onígbọ̀wọ́ tí yóò san iye kan lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí ó bá sá.

Àwọn kan ní nǹkan ayé ni eré ìje. Mo rán wọn létí oṣù karùn-ún ọdún 1986, nígbà tí Omar Khalifa, sárésáré ọmọ ilẹ̀ Sudan, tan ògùṣọ̀ ní àgọ́ àwọn tí ebi lé kúrò nílé ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, tí ó gbé e gba àwọn ìlú ńlá Yúróòpù dé New York. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àìmọye ènìyàn ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 70 jáde sá eré kìlómítà 10 nítorí àwọn tí ìyàn mú ní ilẹ̀ Áfíríkà. Sport Aid ni wọ́n pè é. UNICEF àti Band Aid ni wọ́n pín owó náà fún.

Eré kọ́ ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa, owó ni. Àgbà ìjọ kan ní ọmọ àwọn ọmọ ìjọ ni kí á kọ́kọ́ fi wò, ó ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n mo rántí Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ní ọdún 1956, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà. Kò jókòó síbẹ̀ kí ó máa dúró de aláìsàn. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, ìlú tí a ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ogun Kírìjì ní 1886, wọ́n dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ọmọ tí ara rẹ̀ le pàápàá ń wá. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì tí ìyá ń mú lọ sílé, kí wọ́n lè tètè mọ̀ bí ọmọ bá ń rù kí àìsàn tó dá a gúnlẹ̀. Irú káàdì yẹn ti kárí ayé. Ọ̀nà kan náà ni Olikoye Ransome-Kuti tọ̀, ọmọ àlùfáà, dókítà àwọn ọmọdé, nígbà tí ó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992: ó gbé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé àti abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n wà.

Òfin 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Òfin dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó wúwo. Ẹni tí ń sun bọ̀ọ̀lì kò ní ọ̀gá tí yóò bá a san án.

Nítorí náà mo ní kí á má fi owó eré náà san gbèsè ilé ìwòsàn fún ẹnikẹ́ni. Kí á fi forúkọ àwọn ọmọ àdúgbò sílẹ̀ lábẹ́ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa kí àìsàn tó dé, kí á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí òbí wọn kò mọ ẹnì kankan. Àgbà ìjọ náà bínú jáde. Títí di òní, ọ̀rọ̀ wa kò tíì dán mọ́rán.

Ní ọjọ́ eré, mo rìn ju pé mo sá lọ. Nígbà tí mo dé òpin, tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ti wà nílẹ̀, obìnrin oníbọ̀ọ̀lì sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pọn ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré.

“Bàbá Pásítọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ náà lè kọ orúkọ?”

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí òru ọjọ́sí. Kò fèsì kíákíá. Mo gba bírò lọ́wọ́ akọ̀wé. Ó ní kí n rọra kọ orúkọ ọmọ náà, nítorí àwọn ènìyàn máa ń ṣì í kọ.