Ọjọ́ Ọdẹ fún Àwọn Ọmọ Sìkáòtù Kéékèèké

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eré ọmọdé kò gba ètò. Wọ́n ní bí a bá ti kó àwọn ọmọ jọ sí orí pápá, tí a sì ju bọ́ọ̀lù kan sí wọn, ayọ̀ ti dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé kì í pẹ́ kí àwọn alágbára tó gba bọ́ọ̀lù náà mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Àwọn kan á fà sí abẹ́ igi, wọn á káwọ́ gbera. Òmíràn á sì ti rìn dé etí odò kí ẹnikẹ́ni tó fura. Abájọ tí ẹgbẹ́ Sìkáòtù fi mú ìmúrasílẹ̀ ṣe àkọmọ̀nà wọn.

Fífi kókó kan ṣe ìdí gbogbo eré ọjọ́ kan kì í ṣe ohun tuntun nínú ẹgbẹ́ yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1907, Baden-Powell, ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn ọmọkùnrin bí 20 lọ sí erékùṣù Brownsea, ọmọ ọlọ́lá àti ọmọ mẹ̀kúnnù pọ̀. Ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ó sì fi orúkọ ẹranko tàbí ẹyẹ pe ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kan wà fún àkíyèsí, ọjọ́ kan fún ìmọ̀ igbó, ọjọ́ kan fún gbígba ẹ̀mí là. Nígbà tí ó sì dá ẹ̀ka àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀ ní 1916, ìwé The Jungle Book tí Rudyard Kipling tẹ̀ jáde ní 1894 ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìtàn ọmọ tí àwọn ìkookò tọ́ dàgbà nínú igbó wà nínú ìwé náà. Títí di òní, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké yìí, tí à ń pè ní Kọ́ọ̀bù, ni ó ń pe olórí wọn ní Akela, èyí tí í ṣe orúkọ olórí àwọn ìkookò inú ìtàn náà.

Ẹgbẹ́ Sìkáòtù bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1915. Àwọn àgbà sì ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Olórí Kọ́ọ̀bù ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní láti wá kókó lọ sí ọ̀nà jíjìn, nítorí ọdẹ wà nílé. Ọdẹ a máa ka ipa ẹsẹ̀ ẹran bí ọmọ ilé-ìwé ti ń ka ìwé. A máa mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. A máa pa ẹnu mọ́ nígbà tí ó yẹ. Ohun tí Sìkáòtù fẹ́ kọ́ ọmọ náà nìyẹn. Nítorí náà, Ọjọ́ Ọdẹ yẹ wọ́n.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà, olórí gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin gbogbo pápá. Yóò wo ibi tí kànga wà, ibi tí àfọ́kù ìgò wà, àti igbó tí ejò lè fi ṣe ilé. Yóò kọ̀wé sí àwọn òbí, yóò sọ àkókò ìbẹ̀rẹ̀ àti àkókò ìparí, yóò sì béèrè oúnjẹ tí ara ọmọ wọn kò gbà àti àìsàn tí ó ń ṣe é. Yóò tọrọ yàrá kan tí wọn yóò sá sí bí òjò bá dé. Bí àwọn ọmọ bá jẹ́ 24, yóò pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ọmọ mẹ́fà mẹ́fà, àgbàlagbà kan a sì máa tẹ̀lé ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ibùdó mẹ́rin ni a ó pèsè. Ní èkíní, a ó tẹ́ iyanrìn tútù sílẹ̀, a ó sì ti mú ẹran ilé rìn kọjá lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ yóò wá mọ̀ pé pátákò ewúrẹ́ pín sí méjì, pé ìka mẹ́ta ni adìẹ fi síwájú tí ó fi ọ̀kan sẹ́yìn, àti pé èékánná ajá a máa hàn nílẹ̀ nígbà tí ológbò ń ká tirẹ̀ mọ́ra. Ní èkejì, a ó kó 20 ohun kéékèèké sí orí ẹní. Wọn yóò wò wọ́n fún ìṣẹ́jú kan, a ó fi aṣọ bò wọ́n, wọn yóò sì máa dárúkọ èyí tí wọ́n bá rántí. Ní ẹ̀kẹta, wọn yóò tẹ̀lé àmì ojú ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba ńlá ti ń fi àrokò sọ̀rọ̀: òkúta tí a tò bí ọfà ń tọ́ka ọ̀nà, igi méjì tí ó dábùú ara wọn ń wí pé kí a má gba ibẹ̀. Ní ẹ̀kẹrin, “ọdẹ” kan ti ṣubú lórí ẹ̀gùn. Wọn yóò fi aṣọ onígun mẹ́ta tí ó wà ní ọrùn wọn gbé apá rẹ̀ kọ́. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fèrè yóò dún, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì bọ́ sí ibùdó mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò yìí. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá lè ní ojú tí ó mú. Èyí tí ń tijú lè ní ìrántí tí ó jinlẹ̀. Nítorí náà, ọ̀wọ́ ni a ń fún ní máàkì, a kì í fún ẹnì kan ṣoṣo. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí ara bá ti rọ̀, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan yóò sun ìjálá tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ hun nípa ẹran kan. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò tilẹ̀ dọ́gba, ẹ̀rín yóò kún pápá.

Àmì kan ṣẹ́kù tí olórí nìkan ń fà sílẹ̀ ní ìparí: òbìrìkìtì tí ó ní ẹ̀kán kan ní àárín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, “Mo ti lọ sílé.” Òun ni ó wà lára òkúta ibojì Baden-Powell ní Nyeri, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, níbi tí ó kú sí ní 1941. Olórí kò gbọdọ̀ fa àmì yìí títí yóò fi ka àwọn ọmọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí iye tí ó kó jáde yóò pé, tí yóò sì fi olúkúlùkù lé ẹni tí ó wá mú un lọ́wọ́. Ọdẹ tí ó kó ọmọ wọ igbó, tí ó sì kó gbogbo wọn délé láyọ̀, ni ó tó kí ní àrìnpa.