Àyè Ọkọ̀ Kọ́ Ni Agbára Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìdílé ni mo mú wá lónìí, ìyẹn ọkọ̀ tí yóò gbé bàbá, ìyá àti ọmọ, tí àyè yóò sì tún kù fún ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú dúró ní Apple Junction, ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, nítòsí Festac, àdúgbò tí wọ́n kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti ọdún 1977. Ọkọ̀ Toyota Sienna kan ń bọ̀. Ènìyàn kún inú rẹ̀, ẹrù ga kan òrùlé, ìdí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Kí ló fà á? Àyè gba ẹrù náà, ṣùgbọ́n agbára ọkọ̀ kò ká a.

Àwọn tó ṣe Peugeot 504 mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹ̀yin àgbà rántí ọkọ̀ náà dáadáa, nítorí ilé-iṣẹ́ tí a ṣí ní Kàdúná ní ọdún 1975 tò púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe èyí tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, wọn kò kàn fa ẹ̀yìn rẹ̀ gùn lásán. Sípíríǹgì méjì-méjì ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, kí ó lè ru ẹrù.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ agbára ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà? Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ wo ara òpó rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tó sọ iye kílò tí ènìyàn àti ẹrù lápapọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bá wa ṣírò. Ká ní 500 kílò ló wà níbẹ̀. Àgbà mẹ́ta, 70 kílò ẹnì kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 210. Ọmọ mẹ́rin, 40 kílò ẹnì kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 160. Ó ku 130. Àpò ìrẹsì méjì, 50 kílò ọ̀kọ̀ọ̀kan, gba 100. Bí ẹ bá gbé àpò kẹta sí i, ẹ ti fi 20 kílò kọjá ìwọ̀n. Táyà yóò gbóná, ó lè bẹ́. Bíréèkì kò sì ní tètè mú ọkọ̀ dúró.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àyè. Ẹ kó gbogbo ará ilé lọ síbi tí ọkọ̀ wà, kí olúkúlùkù jókòó, kí ó sì de bẹ́líìtì. Àyè tó bá kù lẹ́yìn ni àyè ẹrù yín gan-an. Ìjókòó ẹ̀yìn Sienna ti ọdún 2004 síwájú ṣeé ká wọ inú ilẹ̀ ọkọ̀, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìjókòó tí a bá ti ká kò gba ọmọ mọ́, ọmọ kò sì gbọdọ̀ jókòó sórí ẹrù.

Ẹrù wíwúwo, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí, kí ó fara ti ẹ̀yìn ìjókòó. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, ọkọ̀ yóò dúró, ṣùgbọ́n ẹrù tó wà lókè yóò máa fò lọ síwájú, orí àwọn ọmọ ni yóò sì bà.

Àwọn àgbà ní, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ ka orí ilé yín, ẹ wọn ẹrù yín, kí ẹ tó ka owó fún ọlọ́kọ̀.