Àṣírí Láàárín Agbẹjọ́rò àti Oníbàárà: Àyẹ̀wò Ìyípadà Òfin Ọdún 2022

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń wá ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ la ẹnu rẹ̀ sọ òótọ́. Ìdí nìyí tí òfin fi dáàbò bo ohun tí ó bá sọ. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ibi tí ààbò náà dé lónìí.

Ìpìlẹ̀ Ààbò náà
Abala 37 nínú Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè: ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ohun tí ó bá sọ lórí tẹlifóònù. Abala 192 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò gba agbẹjọ́rò láyè láti tú àṣírí oníbàárà rẹ̀, àfi bí oníbàárà bá yọ̀ǹda. Òfin náà de akọ̀wé agbẹjọ́rò àti ògbufọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kò bo ọ̀rọ̀ tí a sọ láti fi dá ọ̀ràn.

Ìyípadà
Ní ọdún 2011 kan náà, òfin tí ó gbógun ti sísọ owó àìmọ́ di mímọ́ ka agbẹjọ́rò mọ́ àwọn tí yóò máa jábọ̀ ìnáwó oníbàárà fún ìjọba. Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà pẹjọ́. Wọ́n jàre ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní ọdún 2014. Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní ọdún 2017. Òfin tuntun ti ọdún 2022 tún dá wọn padà sínú rẹ̀. Abala 11 rẹ̀ sọ pé ààbò àṣírí kò sí mọ́ nínú títa àti ríra dúkìá tàbí iléeṣẹ́, ìtọ́jú owó oníbàárà àti àkáǹtì báńkì, àti ìdásílẹ̀ kọ́ńpìnnì.

Àpẹẹrẹ láti Kòsọ́fẹ́
Bí oníṣòwò tòmátì ní ọjà Mile 12 bá gbé ẹjọ́ gbèsè lọ bá agbẹjọ́rò ní Kétu, ààbò bo ohun tí wọ́n jọ sọ. Bí ó bá ní kí agbẹjọ́rò kan náà bá òun ra ilẹ̀ ní Ìkòsì, kò sí ààbò fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà mọ́, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ gaara. Kò sì gbọdọ̀ san ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ní owó lọ́wọ́. Báńkì ni ìyókù gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Àgbálọgbábọ̀
Irú iṣẹ́ ni òfin yìí fi pààlà, kì í ṣe ẹ̀bi: olóòótọ́ àti olè ni ó kàn. Òótọ́ ni pé Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 de agbẹjọ́rò láti tọ́jú àkọsílẹ̀ oníbàárà dáadáa, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá àṣírí tí ó ti lọ padà. Àtúnṣe tí ó yẹ ni kí òfin fi dandan lé e pé kí agbẹjọ́rò kọ́kọ́ sọ fún oníbàárà, ní èdè tí ó gbọ́, iṣẹ́ tí ààbò kò bò. Ẹni tí kò mọ ibi tí ògiri parí sí ni ó ń sọ̀rọ̀ síta.